Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Jẹ́ Kí Ṣáńpéènì Dé Ọ̀fun

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n ní Mákùn,

  A kì í dárúkọ àgbà láàrin ọjà, nítorí náà n kò ní dárúkọ yín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ àríyá láti Mákùn títí dé Ọ̀fin ní Ṣàgámù tí kò ní mọ ẹni tí mò ń bá wí. Owó tí ẹ ń ná sórí ṣáńpéènì kò dùn mí, Ọlọ́run á bá yín bù sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú lẹ fi ń mu ún. Ẹ fara balẹ̀ kí n ka ẹ̀sùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn kìíní ni ṣó-gíláàsì pálọ̀ yín. Ìgò kan wà níbẹ̀ tó ti ń kí àlejò káàbọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó dúró gbọnrangandan, gílóòbù ń tàn sí i lórí tọ̀sán-tòru, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a. Bí ènìyàn bá béèrè pé ìgbà wo la máa ṣí i, ẹ ó ní, "Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dùn sí i." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣáńpéènì tí wọn kò kọ ọdún ìkórè sí lára, àwọn tó ṣe é ti tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 15, ó kéré tán, kí wọ́n tó tà á. Èyí tó ní ọdún lára, ọdún 3 gbáko. Wọ́n ti bá yín dúró tán. Mímu ló kù. Bí ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ dandan, òkùnkùn àti itútù tí kì í yí padà ló ń fẹ́. Ooru ń sè é, iná gílóòbù sì ń ba òórùn rẹ̀ jẹ́ títí yóò fi máa rùn bíi kábééjì tí wọ́n sè gbàgbé sórí iná. Ìyá yín ta obì ní Sábó títí wọ́n fi dàgbà. Ṣé ojú fèrèsé ni wọ́n ń to obì sí? Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú ni, níbi tó tutù, wọ́n á sì máa tú u wò nítorí kòkòrò. Ọmọ olóbì wá ń sá ọtí sóòrùn!

Ní Reims àti Épernay, ní àgbègbè Champagne nílẹ̀ Faransé, inú ilẹ̀ ẹfun ni wọ́n ń kó o sí. Lára àwọn kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta ìkọ́lé láyé àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé ọtí. Ìwọ̀n Celsius 10 sí 12 ni itútù ibẹ̀, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, UNESCO sì ti kà wọ́n mọ́ ogún àgbáyé ní 2015. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù tiwa náà, àmọ́ símẹ́ńtì ni wọ́n ti ń fi ṣe láti 1978. N kò ní kí ẹ gbẹ́ kòtò. Ẹ wá ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, ẹ tẹ́ ìgò náà síbẹ̀, ó tó.

Ẹ̀sùn kejì: fírísà. Àárọ̀ ọjọ́ àríyá lẹ máa ń rántí, lẹ ó bá ki ìgò bọ àárín ẹja tútù. Iná á lọ, iná á dé, ọtí á di yìnyín, ìgò á bẹ́, ẹ ó wá ní ayé ń ṣe yín. Kò sẹ́ni tó ń ṣe yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bu yìnyín sí ìdajì bókẹ́ẹ̀tì, ẹ bu omi kún un, ẹ ri ìgò sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá ti tutù bẹ́ẹ̀, kò sídìí tí ẹ tún fi ń ju yìnyín sínú ife.

Ẹ̀sùn kẹta ló gbóná jù. Níbi ìkómọ tí ẹ ṣe kẹ́yìn, ẹ gbọn ìgò náà bí ẹni ń gbọn àgbo, kámẹ́rà wà níwájú yín, ẹ fọwọ́ sílẹ̀, kọ́ọ̀kì fò, ó lọ gbá gèlè ìyá ọkọ ìyàwó láti ẹ̀gbẹ́, gèlè yí, sègi ọrùn wọn já. Agbára afẹ́fẹ́ inú ìgò yẹn ju ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú táyà mọ́tò lọ. Bó bá jẹ́ ojú ló bà ńkọ́? Ìdajì ọtí sì ti dà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn alálẹ̀ lẹ fẹ́ ta sílẹ̀ fún, ògógóró kò wọ́n. Báyìí ni wọ́n ń ṣí i: ẹ tú wáyà náà, ìlàjì ìyípo mẹ́fà péré ni, ẹ má gbé àtàǹpàkò kúrò lórí kọ́ọ̀kì, ẹ dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ di kọ́ọ̀kì mú, kí ẹ máa yí ìdí ìgò díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ dún ju bí ènìyàn ṣe ń mí kanlẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin: tábìlì àwọn olóyè ọkùnrin nìkan ni ìgò ń dé, tí tàwọn obìnrin ń jẹ́ mọ́ọ̀tì. Ẹ gbọ́ o. Inú ìgò gan-an ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà tí ọtí fi ń hó, ìwúkàrà tó bá sì kú á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Obìnrin ló bá ayé yanjú rẹ̀. Ọkọ Barbe-Nicole Clicquot kú ní 1805, ọmọ ọdún 27 ni obìnrin náà, ó sì gba òwò náà ṣe. Nílé ọtí rẹ̀ ni wọ́n ti lu ihò sára tábìlì, tí wọ́n dorí ìgò kodò sínú rẹ̀, tí wọ́n ń yí i títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi wá sídìí kọ́ọ̀kì. Òun lẹ ṣe ń rí ọtí tó mọ́ gaara mu. Ẹ bu tàwọn obìnrin fún wọn.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ bí ẹ bá ti gba makirofóònù: pé Dom Pérignon ló dá ṣáńpéènì sílẹ̀. Alábòójútó ilé ọtí àwọn mọ́ńkì Hautvillers ni bàbá náà láti 1668 títí ó fi kú ní 1715, wàhálà tó sì ń ṣe ni bí wáìnì kò ṣe ní máa hó! Ní 1662, dókítà ará Ìlú Ọba kan, Christopher Merret, ti sọ fún Royal Society ní London pé àwọn tó ń ṣòwò wáìnì níbẹ̀ ń fi ṣúgà sí i kó lè máa hó.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹnu yín. Ẹ rí "Extra Dry" lára ìgò, ẹ ní kò sí èyí tó le tó o, ẹ fajú ro, ẹ bu Fanta sí i. Ẹ̀gbọ́n, Brut ló le jù ú lọ: ṣúgà inú rẹ̀ kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ti Extra Dry jẹ́ 12 sí 17. Bó bá jẹ́ adùn lẹ ń wá, ẹ béèrè Demi-Sec, tó ní 32 sí 50, kí ẹ fi jẹ kéèkì. Brut ní tirẹ̀ fẹ́ràn ohun tí wọ́n fi òróró dín. Ẹ fi àkàrà gbígbóná tàbí ẹja díndín gbà á, kí ẹ wá sọ fún mi. Bí owó kò bá sì tó, Cava àwọn ará Sípéènì àti Cap Classique tí wọ́n ń ṣe ní South Africa, inú ìgò ni wọ́n ti ń hó bákan náà, wọn kò sì wọ́n tó o.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa ka ìwé yìí, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n ṣí ìgò kan lọ́jọ́ tí kò sí kámẹ́rà, àwọn àti ìyàwó wọn. Bó bá dùn, ẹ̀tọ́ owó wọn ni. Bí kò bá dùn mọ́ wọn lẹ́nu, kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹmu wà, kí wọ́n sì fi owó tó kù san owó ilé-ìwé ọmọ.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò yín tí ife rẹ̀ kì í kún.