Akoto, Jákẹ́ẹ̀tì Aláwọ àti Akọ̀wé Yín ní Mowe

Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto: ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé e, èrò tó gbé sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dé e. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọlọ́kadà fi dá ọgbọ́n tiwọn. Ní Kano, àwọn kan la igbá gbígbẹ, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n dé e. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ẹni tó gé táyà dé wà níbẹ̀, ẹni tó dé akoto àwọn tó ń kọ́lé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gba alùpùpù wọn, ó ní kí wọ́n wá ṣàlàyé fún adájọ́ bí igbá ṣe ń gba orí là. Wàhálà tàwọn èrò tún yàtọ̀: ọ̀pọ̀ kọ̀ láti dé akoto tí ọlọ́kadà bá nà sí wọn, wọ́n ní ó lè ti fi oògùn sí i, kéèyàn dé e tán kó di àwátì.

Akọ̀wé yín wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín wọn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì ní alùpùpù nígbà náà.

Nígbà tó yá ló kó lọ sí Mowe, bí ọ̀pọ̀ èèyàn tí owó ilé Èkó lé jáde ṣe ń kó lọ síbẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ló jẹ́ kéèyàn lè máa sùn ní Mowe tàbí Ibafo kó sì máa ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti yà kúrò lórí márosẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀ àdúgbò, ilẹ̀ pupa ló kù. Bí òjò bá rọ̀, kòròpé ò ní wọlé, àfi ọ̀kadà. Bí akọ̀wé yín ṣe ra Bajaj tirẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham. Láti ọdún 1973 ni akoto ti di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó sì fẹ́ràn alùpùpù gan-an níbẹ̀ gbà pé gbogbo ìhámọ́ra lèèyàn ń wọ̀, nígbà gbogbo, ì báà ṣe mílíìkì ló fẹ́ lọ rà lójúde. Ẹ̀gbọ́n fi páálí ńlá kan ránṣẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó ní ike líle ní èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ìdè orúnkún, bàtà tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, àti akoto dúdú tó bo ojú bo àgbọ̀n, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ tún dúdú.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn oṣù yẹn lẹ́kùn wa, ẹ bá akọ̀wé yín kẹ́dùn. Ó kó gbogbo rẹ̀ wọ̀, ó di Gòláyátì, ó gba ilé epo lọ. Ọmọbìnrin tó ń ta epo rí i, ó ju ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sá wọ ọ́fíìsì. Àwọn tó tò sórí ìlà sá tẹ̀ lé e. Fijilanté kan tó wà nítòsí fa àdá yọ: "Ta nìyẹn? Ṣí orí ẹ!" Akọ̀wé yín fẹ́ ṣí i lóòótọ́. Àmọ́ òrùka irin méjì ni wọ́n fi ń de okùn akoto yẹn lábẹ́ àgbọ̀n, ìbọ̀wọ́ aláwọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á, kò tú. Ó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ nínú akoto, ohùn rẹ̀ ò jáde. Bàbá kan tó dá alùpùpù náà mọ̀ ló gbà á: "Ẹ fi í sílẹ̀ o, Bàbá Ìbejì ni! Láńdílọ́ọ̀dù ni!" Nígbà tí orí jáde, òógùn ti ṣàn dé inú bàtà, wọ́n ní kó jókòó kó mu omi. Fijilanté ti àdá bọ àkọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ wo ara yín."

Ìbínú ọjọ́ náà ló sọ ọ́ di oníhòòhò. Ṣòkòtò péńpé, síngílẹ́ẹ̀tì, sílípáàsì. Ó ní oríta lòun ń lọ, òun ò lọ sógun. Ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà Bajaj wà. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kadà tó mọṣẹ́ fi ń sọ fún èrò pé kó gba òsì sọ̀kalẹ̀. Akọ̀wé yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ti fi kọ́ ẹlòmíràn. Níwájú oníbúrẹ́dì, alùpùpù fẹ́ ṣubú sápá ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ dá a dúró, sàlẹ́ńsà lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ orúnkún, awọ ara sì dún ṣíì.

Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn dé. Ẹnì kan ní epo pupa, ẹnì kan ní ẹyin tútù, ẹnì kan gbé ọṣẹ ìfọyín wá. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó fi kùn ún. Nọ́ọ̀sì tó rí ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni, sà?" Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ kó fi ẹsẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú 20, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kùn ún. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lọ́jà Ibafo tàbí Ifo, ẹ ó rí irú àpá yẹn. Ṣòkòtò jíńsì gígùn kan lásán ì bá ti gbà á.

Ti akoto ló burú jù. Akọ̀wé yín ti kọ́ àṣà ojú títì: ó gbé akoto kọ́ apá, bí ẹni pé ìgbọ̀nwọ́ ni òfin ń dáàbò bò. Lọ́jọ́ kan lórí márosẹ̀, ó rí àwọn ẹ̀ṣọ́ lókèèrè, ó fi ọwọ́ kan gbé e dé, kò de okùn rẹ̀. Tírélà kan fẹ́ kọjá lára rẹ̀ báyìí, atẹ́gùn rẹ̀ wọ abẹ́ akoto, akoto fò. Tírélà kejì tẹ̀ ẹ́ pa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń wo fóòmù funfun tó fọ́n ká.

Fóòmù yẹn gan-an ni akoto. Bí orí bá gbá ilẹ̀, òun ló máa ń rún, tí yóò gba agbára ìkọlù náà kó tó dé ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè rún. Akoto tó bá ti bá olówó rẹ̀ ṣubú dáadáa ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ ń dán. Tòkunbọ̀ tí a ò mọ ìtàn rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó jẹ́ ike lóde, tìmùtìmù rírọ̀ nínú, igbá Kano ni, wọ́n kàn kùn ún lọ́dà.

Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Hugh Cairns, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwádìí gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde. Oṣù Èbìbí 1935, T. E. Lawrence, ológun àti òǹkọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ láìdé akoto. Cairns wà lára àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni Lawrence kú. Cairns wá ń ṣàkójọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orí àwọn sójà tó ń fi alùpùpù jẹ́ṣẹ́, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1941. Ní Amẹ́ríkà, Harry Hurt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sójú ibi tí ìjàǹbá 900 ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles, wọ́n gbé ìwé wọn jáde lọ́dún 1981. Jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ń ṣiṣẹ́, wọ́n rí i, àmọ́ awọ ara ni wọ́n sábà ń gbà là. Akoto ló ń gba ẹ̀mí là. Àkójọ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69.

Ibi tí akọ̀wé yín ti fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn nìyẹn. Nínú oòrùn Mowe, ẹni tó bá ní dandan gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣòkòtò péńpé ló máa parí sí. Akoto tó ní fóòmù, tí wọ́n de okùn rẹ̀, kò ní àwáwí. Lẹ́yìn ìyẹn, jíńsì gígùn àti bàtà tó bo ọmọ ìka. Kó sì wá ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́, torí ọwọ́ lèèyàn fi ń ṣubú. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ò burú o. Bó bá di pé Ìbàdàn ló ń lọ lórí márosẹ̀ yẹn, yóò wọ̀ ọ́, yóò sì sọ fún fijilanté kó tó jáde nílé.

Akoto méjì ló rà lẹ́yìn náà, èyí tó ṣí ojú sílẹ̀. Òde ìgbéyàwó kan pè wọ́n ní Ifo, Ìyá Ìbejì wo akoto tiẹ̀, ó wo gèlè. "Gèlè tí mo sanwó wé lẹ fẹ́ kí n fi èyí tẹ̀ mọ́lẹ̀?" Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí gèlè lọ nínú náílọ́ọ̀nù, kí wọ́n wé e tí wọ́n bá dé. Akọ̀wé yín kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́: ó kìlọ̀ fún un nípa ìborùn, ó sọ ìtàn Isadora Duncan, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà tí ìborùn rẹ̀ wé mọ́ táyà ọkọ̀ ní Nice lọ́dún 1927, tó sì pa á. Ìyàwó rẹ̀ ká ìborùn sínú báàgì. "Mo gbọ́. Ẹ bójú tó agbádá yín."

Wọ́n ti ń wọ Ifo, wọ́n ti rọra ń lọ, nígbà tí etí agbádá bọ́ sínú sípóòkù táyà ẹ̀yìn. Alùpùpù dúró, agbádá ya dé àyà. Ìyá Ìbejì ò sọ nǹkan kan. Ó sọ̀kalẹ̀ gba òsì, ó wé gèlè rẹ̀ níwájú gíláàsì alùpùpù, ó sì wọ gbọ̀ngán lọ. Akọ̀wé yín tẹ̀ lé e nínú bùbá àti ṣòkòtò tó ti kan gíríìsì, akoto méjèèjì lọ́wọ́. Màmá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà dá a dúró: "Dísípáàṣì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ wọlé."

Ó gba ẹ̀yìn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bu ìrẹsì ọ̀fadà fún un, nígbà tí àwọn tó wà níwájú ṣì ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.