Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ lórí Ibùdó Ará Ìdèrè láàárín Ọ̀tún àti Òsì Òṣèlú

Kò sí ọmọ ènìyàn tí kò ní ibi tó dúró sí nínú òṣèlú. Ẹni tí yóò fìka tọ́ ibẹ̀ ló ṣòro láti rí. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ìdánwò òṣèlú orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà ṣe. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, Political Compass, bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Gbólóhùn 62 ló máa ń kó síwájú ènìyàn, ìdáhùn mẹ́rin sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: mo fara mọ́ ọn gan-an, mo fara mọ́ ọn, n ò fara mọ́ ọn, n ò fara mọ́ ọn rárá. Bí ènìyàn bá dáhùn tán, ẹ̀rọ á kán àmì pupa kan sójú àwòrán onígun mẹ́rin. Ẹni tó ní kí ìjọba máa dá sí ọ̀rọ̀ ọjà á bọ́ sí òsì. Ẹni tó ní kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ á bọ́ sí ọ̀tún. Ẹni tó gbà pé kí aláṣẹ máa pàṣẹ á gòkè. Ẹni tó ní kí kálukú máa ṣe tirẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ David Nolan ti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde ṣáájú, ní 1971, ọdún kan náà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Libertarian sílẹ̀. Ìdánwò oníbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ní àmúyẹ kan tí onímọ̀ kò gbọdọ̀ fojú kéré: orí òkè pátápátá ni wọ́n fi àwọn Libertarian sí.

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí ń wá ni bóyá irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí à ń pè ní Ìbàràpá Méje, lójú ọ̀nà tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Tápà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ṣàdédé mú Ìdèrè. Ìlú tó mọ ìbéèrè dáhùn ni. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera rẹ̀ wọ Ìbàràpá, tó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970 àti 1980, Ìdèrè ni àwọn olùwádìí ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ nípa sòbìà. Níbo lẹ ti ń pọnmi? Kí ló ń fa sòbìà? Ṣé ẹ máa ń fi aṣọ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún? Àwọn tó dáhùn nígbà náà ti dàgbà báyìí. Wọ́n mọ̀ pé àlejò tó mú bírò dání kò ní dìde títí yóò fi rí nǹkan kọ, wọ́n sì mọ̀ pé èsì tó wu àlejò ni àlejò ń tètè kọ. Èyí ni a pè ní Òfin Kìíní Ìdèrè: bí oníbéèrè bá ṣe rí ni èsì ń rí. Ẹ̀rọ tí kò lójú, tí ẹnikẹ́ni kò lè wojú rẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ gbọ́, ti gba ìdajì ìmọ̀ ará Ìdèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Àléébù kan tún wà nínú àwọn ìdáhùn fúnra wọn. Mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí àárín. Ní Ìbàràpá, ohun tí èyí já sí ni pé wọ́n ti yọ ìdáhùn tí a ń lò jù kúrò. Kò sí àyè fún “Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.” Kò sí fún “Ọlọ́run ló mọ̀.” Kò sí fún “Kí ni Kábíyèsí wí?” Bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún “Ṣé kò ní kó bá wa?”, èyí tí àwa kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo ìmọ̀ òṣèlú.

Ìdánwò kan ṣojú wa. Bàbá àgbẹ̀ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó wá lo ọlidé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, mú fóònù jáde, ó ń ka ìbéèrè, ó ń tú u sí Yorùbá fún un.

“Bàbá, wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa rà, kó máa tà. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?”

“Gan-an ni. Ta ni yóò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀?”

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Ó wá rántí. “Bàbá, èyí tẹ́ ẹ rà l'Ápẹ́tẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀. Pulọ́ọ̀tì nìyẹn.”

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti kọ ìwé jọ lórí ọ̀rọ̀ ohun ìní, Bàbá sì parí rẹ̀ láìgbójú sókè kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ilẹ̀ ni èyí tí òkú ẹbí wà nínú rẹ̀, tí ẹbí ń jókòó lé lórí kí ẹnikẹ́ni tó dá oko níbẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ni èyí tó ní pílánì àti rìsíìtì. Lórí ti àkọ́kọ́, kò sí ará òsì tó le tó Bàbá. Lórí ìkejì, bí ẹnìkan bá mú owó gidi wá lọ́la, ọ̀tún ni. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wà níbẹ̀, tó ní ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Bàbá ń gbé lábẹ́ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ kò sì dà nù. Àmì pupa kan kò lè dúró síbi mẹ́ta.

Wọ́n dé ìbéèrè tó sọ pé ó yẹ kí á máa yẹ gbogbo aláṣẹ lọ́wọ́ wò.

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Íntánẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Ó ní 2001 lòun bẹ̀rẹ̀.”

“Ọmọdé ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé n ò fara mọ́ ọn.”

Ẹ kíyè sí i pé Bàbá yẹ aláṣẹ ìdánwò lọ́wọ́ wò kínníkínní kó tó ní kí ẹnikẹ́ni má yẹ aláṣẹ lọ́wọ́ wò. Ẹ̀rọ gbé e lọ sókè. Ìwà rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ìbéèrè mìíràn kò gba àkókò. Ọ̀kan ní òbí rere a máa na ọmọ rẹ̀ nígbà míì. A kò rò pé ó wúlò ní ìlú yìí, nítorí ohun tí gbogbo ìlú bá dáhùn bákan náà kò lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Òmíràn ní wíwo ìràwọ̀ ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan. Lẹ́mọ́ọ̀mù á kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni, pásítọ̀ á kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni, babaláwo á kọ̀ ọ́ nítorí kì í ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀. Ojú ibì kan náà ni ẹ̀rọ á fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, kò sì ní bi wọ́n ní ìdí.

Èyí tó gbà wá lákòókò jù ni ti omi. Ìdánwò náà sọ pé ó bani nínú jẹ́ pé omi mímu lásán ti di ohun tí ilé iṣẹ́ ń dì tà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá fara mọ́ èyí, òsì ló ń lọ, kò gba àríyànjiyàn. Ẹ wá gbé e wá sí Ìdèrè. Ọ̀fẹ́ ni omi adágún. Kò sẹ́ni tó dì í, kò sẹ́ni tó tà á, sòbìà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún lónìí, nǹkan bí ọdún kan sí i ni aràn yóò yọrí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó lè gùn tó mítà kan. Wọ́n á máa fi igi tín-ín-rín ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú, àgbẹ̀ á sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ka àwọn oní-sòbìà káàkiri orílẹ̀-èdè, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Aṣọ ìsẹ́mi, kànga tó jinlẹ̀, oògùn inú adágún àti ẹnu àwọn olùkọ́ ìlera tí kò rẹ̀ ló lé e lọ. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá bi àgbàlagbà tí àpá sòbìà ṣì wà lójúgun rẹ̀ bóyá ó dùn ún pé omi di títà nínú ọ̀rá, ìdáhùn méjì ló tọ̀nà. Ó dùn ún, torí owó píọ̀ wọ́tà ń lọ sókè. Kò dùn ún, torí ó rántí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdáhùn kẹta ni pé ìjọba ló yẹ kó fa omi ẹ̀rọ wá sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ló máa sọ kẹ́yìn, á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rọ kò ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀rín sí.

Ọ̀tún àti òsì yìí fúnra wọn, Faransé ló ti wá, ní 1789. Nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, àwọn tó fẹ́ kí ọba lè wọ́gi lé òfin jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún alága, àwọn tó lòdì sí i jókòó sí òsì. Ní 1793 wọ́n bẹ́ ọba náà lórí, èyí tó fi hàn pé wọn kò to ìjókòó náà dáadáa. Ó pẹ́ tí Ọ̀tún àti Òsì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí èyí tó ń bá ọba jà nínú àwọn méjèèjì. Òsì ń retí àtidi Ọ̀tún ni. Ẹ wo Ìbàdàn: Ọba Rashidi Ládọjà jẹ Òsì Olúbàdàn, ó jẹ Ọ̀tún, ó sì gorí ìtẹ́ ní 2025, ṣáájú ìyẹn ó ti di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP ní 2003, ó sì ti gbé àsíá ẹgbẹ́ Accord ní 2011 àti 2015. Ará Faransé á ní ó ti rìn láti òsì dé ọ̀tún. Ará Ìbàdàn á ní ipò ló kàn án. Òfin Kejì: àtẹ̀gùn ni òsì jẹ́ láàárín wa.

Àwọn tó rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ kó irú ìdánwò yìí bá wa ti gbàgbé 1989. Ẹgbẹ́ 13 ló béèrè fún ìforúkọsílẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, kọ gbogbo wọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá méjì sílẹ̀: SDP, tó ní ó fì díẹ̀ sí òsì, àti NRC, tó ní ó fì díẹ̀ sí ọ̀tún. Ìjọba bá wọn kọ ìwé ètò, ìjọba bá wọn kọ́ ọ́fíìsì. Iye tí “díẹ̀” jẹ́ ni wọn kò sọ. Aráàlú kò bá wọn wọ̀n ọ́n: ẹṣin ni wọ́n pe SDP, wọ́n pe NRC ní idì, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ṣe ń pe Action Group ní ọlọ́pẹ, tí àwa náà sì ń pe ti òde òní ní alágboòrùn àti onígbàálẹ̀. Ẹni tó wá dúró fún òsì nínú ìdìbò ààrẹ ti June 12, 1993 ni M.K.O. Abíọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní Nàìjíríà. Oníṣòwò ni Bashir Tofa tó dúró fún ọ̀tún náà. Bí a bá gbé àpò àwọn méjèèjì lé àwòrán onígun mẹ́rin, ọ̀dọ̀ òsì ni yóò ti ya.

Láàárín ìgbà náà ni wọ́n ṣe ìdánwò òṣèlú tó péye jù tí ilẹ̀ yìí rí. Ní ìdìbò gómìnà ti 1991, tí Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá ti SDP fi wọlé ní Ọ̀yọ́, ìta gbangba ni olùdìbò ti tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, wọ́n sì kà wọ́n sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ènìyàn fi ara rẹ̀ dáhùn rẹ̀, ìyá ọkọ sì ń wò ó láti orí ìlà kejì. Àwọn onímọ̀ ní ìdánwò náà kò ní àṣírí. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ibi tí òun dúró sí.

Ohun kan kù tí ìbéèrè 62 náà kò mẹ́nu bà: màlúù. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tó ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀ ní 2019. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ́tẹ́kùn sílẹ̀ ní January 2020. Ní June 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ààfin. A kò fi ìyẹn ṣàwàdà. Ẹni tó ń fẹ́ Àmọ́tẹ́kùn ń fẹ́ kí aláṣẹ le sí i, ó sì ń fẹ́ kí Àbújá jẹ́ ká ṣọ́ ara wa: òkè àti ìsàlẹ̀ lórí àwòrán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àgbẹ̀ tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà ti dá irú ìdààmú yìí sílẹ̀ ní 1968 sí 1969. Wọ́n ní owó orí ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ á gbé wọn lọ sí ọ̀tún. Tálákà tó dojú kọ ìjọba ni wọ́n, á tún gbé wọn padà sí òsì. Ìjọba dín owó orí kù, àwọn náà padà sóko.

Ìdájọ́ wa rèé. Kọ́ńpáàsì tó bá Ìbàràpá mu ti wà nílẹ̀, ìjọba ló yà á. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà: Àríwá ní Ayétẹ̀, Ìlà Oòrùn ní Ẹrúwà, Àárín Gbùngbùn ní Igbó-Ọrà. Kò ní Gúúsù, kò ní Ìwọ̀ Oòrùn. Bí ìdìbò sẹ́nétọ̀ bá dé, Gúúsù Ọ̀yọ́ ni Àríwá Ìbàràpá ti ń dìbò. Ìlà Oòrùn àti Ìdó ló jọ ní aṣojú kan l'Ábújá. Àríwá àti Àárín Gbùngbùn jọ ní tiwọn. Àárín Gbùngbùn ni Ìdèrè wà.