Ta Ló Fi Mí Ṣe Ẹrú Bátìrì?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jókòó, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí mo fi ń gbé èrò láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Èbúté Èrò, kò sí ohun tí kì í ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Fáíbà tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ ń fi àyà gba ìgbì. Okùn tó ti gbó tán, tí mo ti ta kókó sí lójú méjì mẹ́ta, ṣì ń di ọkọ̀ mú ní èbúté. Kódà ẹ̀wù adóòlà tí àwọn èrò ń yínmú sí pé ó ń rùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí lábẹ́ ìjókòó mi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ: á ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó tán, ó tún sùn padà. Bátìrì ni. Bátìrì yìí kan náà ló ní kí n má sinmi, kí n má sùn, kí n má fi owó ọwọ́ mi ra ẹja fún ìyàwó mi, àfi kí n máa ṣe tòun ṣá! Háà! Kí ni mo jẹ ẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti omi. Bátìrì mi, irú èyí tó ní ìdérí mẹ́fà lórí, máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí iná bá ti ń wọ inú rẹ̀ ni omi rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ tó ń fò lọ. Kò burú, a ó bu omi kún un. Omi wo? Mo ní kànga nílé. Rárá o, ẹ ò gbọdọ̀ bu omi kànga sí i. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Èèwọ̀. Omi inú ọ̀rá? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àfi omi bátìrì inú ike, tí wọ́n ti sè títí tó fi di ooru, tí wọ́n tún mú ooru náà padà di omi, torí pé iyọ̀ àti èròjà inú omi kànga á ba òjé inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà, omi kànga yẹn ni mo fi dàgbà, òun ni mo mu láàárọ̀ yìí, òun náà ni n ó mu lálẹ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rí pé kí ló ń ṣe inú tèmi!

Ìpara ló kàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò rọ̀, tí omi òkun ń ráyè wọ inú ọ̀sà, omi oníyọ̀ ni ìgbì ń fọ́n sí wa lára. Ara tèmi, mo fi aṣọ nù ún. Orí bátìrì, níbi tí wáyà pupa àti wáyà dúdú ti wé mọ́ ọn, á hu ìyẹ̀fun kan, funfun lójú kan, àwọ̀ ewé lójú kejì, ìyẹ̀fun yìí á sì dí iná lọ́nà. Mo gbọ́dọ̀ tú wáyà, dúdú lákọ̀ọ́kọ́, pupa lẹ́yìn. Bí mo bá ń dá wọn padà, pupa lákọ̀ọ́kọ́, dúdú lẹ́yìn, àfi bíi pé ọba ni mò ń wọ aṣọ fún. Mo gbọ́dọ̀ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, kí n fi fọ orí rẹ̀, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí n dúró kó gbẹ, kí n wá fi fasilíìnì pa á. Fasilíìnì ta ni? Ti ọmọ jòjòló tó wà nílé ni! Ìyàwó mi dìde: "Bàbá Sàídì, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń kó fasilíìnì ọmọ lọ sí èbúté?" Mo ní kó má bínú. Gìgísẹ̀ èmi fúnra mi ti là, ó là débi pé owó ẹyọ lè há síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan pa á. Bátìrì ń dán yinrin níbi tó jókòó sí.

Ẹ ó ní ṣebí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń ṣáájì bátìrì bí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ìgbà tó bá ń sáré ló ń ṣáájì rẹ̀. Tó bá wà lójú kan, tó ń kùn ní èbúté, iná tó ń mú wá kò tó nǹkan, ta ni kò sì mọ̀ pé ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa? Èrò kan á wọlé, á ní òun ń dúró de ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n á dé, á ní òun gbàgbé apẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan ti so fóònù mọ́ ìhò ṣáájà mi, ẹnìkejì ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun so páwà báǹkì, ọmọ iṣẹ́ mi ń gbọ́ fújì nínú rédíò ọkọ̀, páńpù tó ń gbọ́n omi abẹ́ ọkọ̀ ń mu tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ń mu, kò sẹ́ni tó ń san, bí bátìrì bá sì wálẹ̀ tán, ojú ta ni wọ́n máa wò? Ojú èmi!

Ni mo bá ń gbé e relé lálẹ́ láti lọ ṣáájì rẹ̀. Kílò bí ogún ni o, ó sì ní ásíìdì nínú, n ò gbọdọ̀ gbé e kọ́rùn, n ò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, àyà ni mo ń gbé e mọ́, àwọn ará àdúgbò ń kí mi pé ẹ kú ọmọ. Ìta ni mo ń gbé e sí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná jẹ, kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là nítòsí, nítorí náà èmi ni mò ń jókòó tì í nínú òkùnkùn kí olè má gbé e, ẹ̀fọn ń jẹ mí, ojú mi ń pọ́n, oorun ń wọ́ mi, bó ṣe wá di pé ó ń gba iná díẹ̀ báyìí, gbàù! wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀yin oníná, kí ni mo ṣe yín? Àdúgbò kejì ní iná! Mò ń wo gílóòbù wọn láti ibi tí mo jókòó sí! Ẹ má sì rò pé mo lè ní kó dúró bẹ́ẹ̀ títí iná yóò fi dé nígbà tó bá wù ú, torí bátìrì tí a fi sílẹ̀ láìní iná nínú, nǹkan funfun ló ń dì mọ́ òjé inú rẹ̀, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní gba iná mọ́ láéláé. Bí iná bá sì pọ̀ jù, omi rẹ̀ á hó gbẹ. Ebi pa á, ó bínú kú. Ó yó jù, ó bínú kú!

Ríwáyà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní èbúté ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn iná. Òun ló là mí lóye pé ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú volt 2 àti díẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní volt 12. Tó bá yó tó sì sinmi, 12.6 tàbí 12.7 ló yẹ kó kà. Tó bá ka 12.2, ó ti jẹ ìdajì. Tó bá wá bọ́ sísàlẹ̀ 12, àdúrà ló kù. Ẹ gbọ́ o! Láàárín ẹni tó yó bámúbámú àti ẹni tó ń kú lọ, kò tó volt kan géérégé! Ẹ dákun, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé inú ń bí i?

Ibi tó ti wá dójú tì mí pátápátá nìyí. A ti ń sún mọ́ afárá Third Mainland nígbà tí ọ̀rá burúkú kan (ará Èkó, ọ̀rá tí ẹ ń dà sómi yìí, Ọlọ́run ń wò yín) wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kò sí ọgbọ́n míràn, èèyàn gbọ́dọ̀ paná ẹ́ńjìnnì, kó gbé e sókè, kó gé ọ̀rá náà kúrò. Mo gé e. Mo sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Tá! Mo tún un yí. Tá, tá, tá! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè. Arákùnrin kan tó wọ táì ní òun ti sọ fún ìyàwó òun pé ọkọ̀ ojú títì lòun fẹ́ wọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti ń mu bátìrì mi láti Ìbẹ̀ṣẹ̀, òun gan-an ló yọ fóònù náà, ó ti kún fọ́fọ́, ó gbé e sókè, ó ń ya fídíò mi! Lórí afárá, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti so àwọn ọlọ́kọ̀ rọ̀, gbogbo wọn ti sọ fèrèsé kalẹ̀ tí wọ́n ń wò wá, àwọn tó jẹ́ pé àwa là ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí a bá ń sáré kọjá lábẹ́ wọn láàárọ̀. Mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì, mo wé okùn mọ́ ọn, mo fà á, mo fà á, mo tún fà á, èjìká mi dún, ẹ́ńjìnnì ò dún. Ọkọ̀ kan ń bọ̀, ọ̀gákọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó kọjá, ìgbì rẹ̀ fi omi wẹ̀ mí. Èyí tó tẹ̀lé e dúró lóòótọ́, ó ní òun á fi wáyà so bátìrì tòun mọ́ tèmi, ṣùgbọ́n kí ni mo ní lọ́wọ́ ná? Lórí omi! Níṣojú àwọn èrò mi! Àwọn èrò náà sì ń bá a pe iye tí ó yẹ kí n san!

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo gba ọjà Ládípọ̀ lọ ra tuntun. Ọmọkùnrin kan fà mí lápá: "Bàbá, ti ọkọ̀ ojú omi gangan rèé, ẹ wo ọkọ̀ lára rẹ̀." Lóòótọ́, wọ́n ya ọkọ̀ sí i lára. Bí wọ́n bá ya ẹyẹ sí i ńkọ́, ṣé á fò? Ti ojú omi gidi, wọ́n ń de òjé inú rẹ̀ pinpin kí ìgbì má baà gbọ̀n ọ́n wó. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ àwòrán mọ́ lára, ọ̀sà á tú u ká nínú kó tó pẹ́. Ó tún fi nọ́ńbà ńlá kan hàn mí, ó ní agbára tó fi ń jí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń wọn agbára yẹn? Inú òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n 18, fún ìṣẹ́jú àáyá 30! Ta ló rí yìnyín ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ rí? Ooru ló ń pa bátìrì níhìn-ín, ooru ló ń gbẹ omi rẹ̀ tó sì ń jẹ òjé inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà ti ooru síbì kankan fún mi. Mo ní kó fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn mí, torí bátìrì tó wà lórí àtẹ náà ń darúgbó, iná inú rẹ̀ ń jò lọ. Ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé bátìrì lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ?"

Owó tó pè, n kò lè sọ ọ́ níwájú ọmọdé. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ta sólà ní kí n ra lithium, ó fúyẹ́, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ ìpara. Mo ní èló? Ó dárúkọ iye. Mo ní kó tún un sọ, bóyá etí mi ni. Kì í ṣe etí mi. Mo padà sídìí olójèé. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1859. Láti 1859! Èèyàn ti lọ sórí òṣùpá, wọ́n ti bọ̀, òjé àti ásíìdì kan náà ló ṣì wà lábẹ́ ìjókòó mi tó ń bèèrè fasilíìnì!

Èyí tó kú náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹni tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù gbé e sórí òṣùwọ̀n rẹ̀, ó fajú ro, ó ní kò wúwo. Nǹkan tó ń ṣẹ́ mi lẹ́yìn láti èbúté délé, lójijì, kò wúwo mọ́! N ò sì lè gbé e fún ẹni tó máa fọ́ ọ sẹ́yìnkùlé, kó da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, torí Ògìjó kò jìnnà sí wa. Ní 2025 ni ìwádìí àwọn oníròyìn fi hàn pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àtijọ́ níbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bátìrì kú tán, ó ṣì ń wá ẹni tí á bá lọ.

Tuntun ti wà nínú àpótí báyìí. Mo ti dè é mọ́lẹ̀, mo ti fi ìpara pa á, ó ń sùn. Ẹbẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi: ẹ̀yin tí ẹ máa wọkọ̀ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ lọ́la, ẹ ṣáájì fóònù yín nílé. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí ìhò ṣáájà inú ọkọ̀ mi, n kò sì ní ṣí i fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyá ọba lẹ jẹ́.