Eku Kékeré, Ìtẹ́ Ràgàjì

Bí Yorùbá bá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí olúkúlùkù fi agbára rẹ̀ wọn ìnáwó rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀lírí tí í gbẹ́ ihò òkété, òkété pàápàá kò sì fi ihò tirẹ̀ fọ́nnu fún ará àdúgbò. Òwe náà ti ran ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ láti kọ́lé, láti gbéyàwó àti láti sìnkú láìjẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti gba ògiri pálọ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ó dà bí ẹni pé àwọn ẹ̀lírí ti ṣèpàdé, tí wọ́n sì ti fẹnu kò pé ìtẹ́ ni àwọn yóò kọ́kọ́ rà, kí ara máa dàgbà bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ènìyàn lè yàn pọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwòrán ń gbà wọlé, ìyẹn eríálì, irin tí a gbé sókè láti gba ìgbì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń tú sáfẹ́fẹ́. Ọ̀nà náà kò tíì parẹ́, nítorí pé NTA, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti OSBC, tí í ṣe ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò gba owó oṣù lọ́wọ́ òǹwòran. Ohun tí ó wọ inú rẹ̀ ni ìlànà dígítà, èyí tí ń sọ àwòrán àti ohùn di nọ́ńbà kí ìkànnì púpọ̀ lè rìn lójú ọ̀nà kan náà, tí ó sì ń fẹ́ dékódà, ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ nọ́ńbà náà di àwòrán padà. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni gbèdéke ìyípadà sí ìlànà dígítà. Ọjọ́ náà kọjá lọ, Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ó sì di oṣù Kejì ọdún 2018 kí ó tó kan Òṣogbo, tí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà lójú ọ̀nà rẹ̀ sí Ọ̀fà.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn olówó oṣù: DStv, tí díìṣì orí òrùlé ń gba àwòrán rẹ̀ láti ara sátẹ́láìtì tí ó wà lójú ọ̀run, àti GOtv, tí ó ń lo eríálì; StarTimes sì ń lo méjèèjì. Ọ̀nà kẹta ni díìṣì ọ̀fẹ́, níbi tí a ti ń ra dékódà lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò sì kọ ojú díìṣì sí sátẹ́láìtì tí ń gbé àwọn ìkànnì tí a kò tì pa. Ìròyìn àti ìwàásù kì í wọ́n níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kì í sábà sí. Ẹni tí kò wò ju ìròyìn alẹ́ lọ, ọ̀nà kìíní tàbí ìkẹta ti tó o, ẹni tí kò sì lè ṣe aláìwo bọ́ọ̀lù lè lọ san owó ìjókòó ní ilé tí a ti ń wò ó ládùúgbò.

Àmọ́ ta ni yóò gbà pé ẹ̀lírí ni òun? Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, 44,500 náírà ni owó oṣù kan fún ìpele Premium lórí DStv, 75,000 náírà sì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní òpin ọdún 2024. Ẹni tí ó bá yọ èkíní kúrò nínú èkejì, 30,500 ni yóò ṣẹ́ kù fún oúnjẹ, ọkọ̀, owó ilé-ìwé àti àwọn àna. Ọgbọ́n tí àwọn kan dá sí i ni pé kí wọ́n san owó ìpele gíga nígbà Iléyá tàbí Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ń bọ̀ wálé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó kú bí àlejò bá ti lọ. Láti ìgbà náà títí di ọdún mìíràn, E16, àmì tí dékódà ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí owó bá ti tán, ni ìdílé náà ń wò jù. Síbẹ̀, wọn kì í tú díìṣì náà sílẹ̀: ó dúró lórí páànù, ó ń dípẹtà, ó sì ń kí gbogbo ẹni tí ń kọjá lọ sọ́jà, nítorí pé ará ìta ń rí díìṣì, kò rí E16.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní pláásímà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé LED ni wọ́n ń tà lọ́jà. Oníǹṣì 32 ń jẹ iná bí wáàtì 30 sí 50, oníǹṣì 65 sì sábà máa ń kọjá 100; ìyàtọ̀ yìí kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí ń ronú ògiri rẹ̀, àfi ìgbà tí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ di ohun tí à ń fi ìgò wọ̀n. Nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, baálé ilé ní láti máa yí ọrùn láti òsì sí ọ̀tún kí ó tó mọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ráhùn, nítorí pé ẹni tí ó jẹ gbèsè ra fàájì kì í jẹ́wọ́ pé ọrùn ń dun òun.

Ibi tí ìwà òmùgọ̀ yìí ti wá joyè ni gbígba ètò sílẹ̀. Láyé kásẹ́ẹ̀tì VHS, èyí tí a kọ E-180 sí lára ń gba wákàtí mẹ́ta, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba nǹkan mìíràn yóò ra tuntun tàbí kí ó pa ti àtijọ́ rẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ ó ní láti ronú kí ó tó tẹ bọ́tìnì. Lónìí, dékódà Explora ti DStv ní ibi ìpamọ́ nínú, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá gbà kì í jáde lọ sí ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ dékódà ọ̀fẹ́ sì ní ojú ihò tí a lè ki fílááṣì bọ̀, kí ètò tí ń lọ lọ́wọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Bí wákàtí kan bá gba nǹkan bí gígábáìtì kan àti ààbọ̀, fílááṣì oní-gígábáìtì 32 yóò gba bí ogún wákàtí láìsan owó oṣù, bí iná kò bá ti lọ láàárín. Ọ̀nà tí ó bá ẹ̀lírí mu nìyí, kí ni wọ́n sì ń fi í gbà? Fíìmù tí wọn yóò tún gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́la, àti bọ́ọ̀lù tí èsì rẹ̀ ti dé orí fóònù kí wọ́n tó jí.

Òkukù ni ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber, ọmọwé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlú náà, ó kọ́ èdè, ó sì fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba oríkì tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ké. Inú iṣẹ́ náà ni ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, ti jáde ní ọdún 1991. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń gbé kiri ní ìlú kan náà lónìí lágbára. Funai ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó ṣe ẹ̀rọ fídíò kásẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, sì ti dáwọ́ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016, síbẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé tí pláásímà wà lára ògiri rẹ̀, tí èbu ń bo kásẹ́ẹ̀tì náà, tí ẹnikẹ́ni kò ronú àtigbé ohun inú rẹ̀ sínú fílááṣì. Bọ́ọ̀lù yóò tún wáyé ní Sátidé tí ń bọ̀, fíìmù yóò sì tún padà wá. Ìyá àgbà tí ó mọ oríkì agbo ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e padà sáfẹ́fẹ́, bó ti wù kí owó oṣù tí a san pọ̀ tó.