Ìlú Oníyọ̀ àti Owó Ibodè

Ìyá Ìbejì, ẹ sún àpótí yín mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí kò gba ariwo. Ẹ mọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé nítorí owó ilé? Òun ló fún mi ní ìtàn kan lánàá.

Ó ní ìlú kan wà rí láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà, Taghaza lorúkọ ẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé níbẹ̀ o! Ògiri, iyọ̀. Mọ́ṣáláṣí, iyọ̀. Awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bò ó lórí. Ibn Battuta, ọmọ Mòrókò tó rin ayé já, dé ibẹ̀ ní 1352. Kò rí igi kan ṣoṣo. Àwọn ẹrú ló ń wa iyọ̀ náà nílẹ̀, ràkúnmí á rù ú lọ sí Málì, wúrà ló sì ń pààrọ̀ ọwọ́ ní ìlú burúkú yẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn odi ni: dàbínù láti Mòrókò, jéró láti ilẹ̀ adúláwọ̀. Mo ní, tí ràkúnmí bá pẹ́ lọ́nà, ṣé wọ́n á máa lá ògiri ni?

Wúrà Málì yẹn náà ni Mansa Musa, ọba ibẹ̀, kó dání lọ sí Mẹ́kà ní 1324. Ó ná an ní Káírò títí owó wúrà fi já wálẹ̀ lọ́jà. Hùn! Ká ní ó yà ní Ìlaròó lọ́jọ́ ọdún Orónà ni, onílù wo ni ì bá tún lu ìlù fún tálákà láéláé?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ nìkan ni. Ìjànà tó wà nítòsí Ìlaròó níbí, ọ̀nà ló ń jẹ nígbà kan. Aláàfin fi oníbodè kan tí wọ́n ń pè ní Onísàré síbẹ̀ láti máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ti Ọ̀yọ́ Ilé lọ sétí òkun. Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, àti Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀, gba ibẹ̀ kọjá ní December 1825. Èèyàn wà lára ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun nígbà náà. N ò ní fi ìyẹn ṣe àpárá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí ogun gba ọ̀nà, kí ni oníbodè fẹ́ gbà?

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Ìyàwó onífàyàwọ́ òdìkejì, ẹ rántí bó ṣe ń fi ìrẹsì Kùtọnu yangàn? Ó ní ta ló ń dáko láyé òde òní. Ìjọba ti ẹnubodè pa ní August 2019. Kò pẹ́, obìnrin náà wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú abọ́ lábẹ́ ìborùn, ó ń wá gàrí kọ́ńgò kan.

Mo wọ̀n ọ́n, mo tiẹ̀ fi èènì sí i. Ṣùgbọ́n mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó tó gbé e kọjá, kó san owó ibodè: kó sọ ibi tí ọkọ ẹ̀ ń sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Ìbejì, ó san án pé!