Ìjàpá, Olórí Akọ̀wé Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, nígbà tó jẹ́ olórí akọ̀wé láàfin Erin, ọba gbogbo ẹranko.

Inú PostgreSQL ni wọ́n ń kó orúkọ ará ìlú sí. Lọ́jọ́ kan, Erin fẹ́ pín iyọ̀ fún àwọn tí Adé ṣáájú orúkọ wọn. Ìjàpá tẹ LIKE 'Adé%'. Wọ́n jókòó títí, oorun gbé kábíyèsí lọ lórí ìtẹ́. Ìjàpá ní kọ̀ǹpútà ló kéré. Wọ́n dáwó, wọ́n ra èyí tó tóbi. Ìdajì owó náà há sábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Kò yá. Ó ní iná ni. Wọ́n ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ó wá bú sórin:

Erin ní n wá Adé o,
*Kà á lọ, kà á bọ̀!*
Mo ka Àgbọ̀nrín, mo ka Ẹfọ̀n o,
*Kà á lọ, kà á bọ̀!*
Owó ló kù kí Adé dé o,
*Kà á lọ, kà á bọ̀!*

Ọ̀kẹ́rẹ́, tí kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe rárá, ní kí wọ́n tẹ EXPLAIN. Seq Scan ló jáde: láti orí dé ìrù ni ẹ̀rọ ń ka gbogbo ìwé, bí Adé tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré.

"Ṣebí a sanwó atọ́ka?" Erin bú ramúramù.

Atọ́ka (index) wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ìjàpá dá dátábéèsì náà sílẹ̀, en_US, ìlànà èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, ló yàn, torí pé ó dùn ún pè létí àlejò. Bí àṣà èdè yẹn ṣe fẹ́ ni atọ́ka bẹ́ẹ̀ ń to ọ̀rọ̀, lẹ́tà ńlá dàpọ̀ mọ́ kékeré, PostgreSQL ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo Adé á jókòó pọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe òmíràn, ó fi text_pattern_ops sí i, èyí tó ń to orúkọ ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀rọ fò lọ bá Adé àkọ́kọ́, ó kó wọn, ó dúró níbi tí Adé tán sí. Kí Erin tó yán tán, orúkọ ti dé.

Lọ́jọ́ kejì, Erin tún fẹ́ àwọn tí orúkọ wọn parí sí wálé. Atọ́ka tuntun ò ríran débẹ̀. Iwájú orúkọ nìkan ló mọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi reverse() yí orúkọ sẹ́yìn, kí wọ́n ṣe irú atọ́ka text_pattern_ops kan náà lórí èyí tí wọ́n yí, kí wọ́n wá 'éláw%'.

Erin búra pé Ìjàpá ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí. Ó kéde pé òun ń wá agbaṣẹ́ṣe, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún àlejò kan tí owó tó pè kéré jù lọ, tó ń jẹ́ Ápàjì.