Kẹ́ẹ̀gì Epo Ìyá Ìbejì

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ má sì sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í ṣòfófó. Ibi tí mo ń ta ẹ̀kọ sí ló kàn kọjú sí ilẹ̀kùn gbogbo èèyàn.

Ẹ mọ agboolé wa ní Adidogomé, nílùú Lomé, títì Kpalimé ò jìnnà sí wa. Yàrá méjì tó wà lápá òsì ni Bọ̀dá Fọ́tò gbà, ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó fi èkejì ṣe sítúdíò. Ọmọ náà kì í ṣọ̀lẹ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ti ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún un ní gbogbo Sátidé, tó ní àbúrò òun ni, ìyẹn á dúró ná.

Iṣẹ́ fọ́tò kúkú ti pẹ́ lọ́wọ́ àwa Ànàgó létí òkun yìí. Láti Kutọnu dé Abidjan, títí dé Niamey lọ́hùn-ún, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé ta ló ń ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ fáwọn èèyàn láyé ìgbà òmìnira. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òpìtàn kan, Érika Nimis, kọ odindi ìwé lé wọn lórí ní 2005. Kì í sì í ṣe àwa nìkan o: Cornélius Azaglo, ọmọ Kpalimé ní Togo níbí, Korhogo ní Ivory Coast ló ti lọ ṣí sítúdíò tirẹ̀. Bàbá Bọ̀dá Fọ́tò pàápàá, Ghana ló ti ń ṣiṣẹ́ yìí nígbà tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù rẹ̀ jáde ní 1969. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó gba Aflao wọ Lomé, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni. Ìsinmi yẹn ló bí Bọ̀dá.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹn-hẹn, iná.

Iná tí Bọ̀dá fi ń ya fọ́tò tẹ́lẹ̀, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń dúró sí. Bó bá gbé e súnmọ́ ẹni tó fẹ́ yà, ẹsẹ̀ yẹn á yọjú sínú fọ́tò bí àlejò tí wọn ò pè. Bó bá sún un sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á lọ: iná tó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ló máa dé ojú èèyàn. Ló bá lọ ra ọ̀pá gígùn kan ní àlòkù, èyí tí àwọn onífọ́tò Lomé ń pè ní girafe. Wọ́n á gbé e dábùú lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná á sì nà jáde wá rọ̀ sókè orí ẹni tó jókòó. Kámẹ́rà ò ní rí ẹsẹ̀ kankan. Àmọ́ ẹni tó tà á fún un ò fi ìwọ̀n tí wọ́n ń so mọ́ ìdí rẹ̀ kún un.

Ìdí ọ̀pá yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bọ̀dá fìka kọ ọ́ sórí yanrìn fún mi níwájú ìkòkò ẹ̀kọ. Iná àti àpótí aláṣọ funfun tó wọ̀ ọ́ lórí jẹ́ kílò 2, ó sì fi mítà 1.5 jìnnà sí òpó. Ìdí tó kù lẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 60 ni. Nítorí náà, kílò 5 ni nǹkan tó máa so síbẹ̀, kí ọ̀pá má baà dojú dé. Ó kọ́kọ́ bu yanrìn sínú ọ̀rá. Ọ̀rá jò sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà 5 bá a mu ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n epo fúyẹ́ ju omi lọ, kò pé kílò 5. Àgádágodo ilé ìwẹ̀ ló fi kún un.

Ta ló ni kẹ́ẹ̀gì? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ìyá Ìbejì wá epo rẹ̀ títí. Ó ṣépè, ó dárúkọ Ṣàngó, ó wá ń wo èmi! Èmi tí mi ò lè fi epo sẹ́nu láti ìgbà oyún àkọ́bí!

Sátidé dé, wọ́n mú ìyàwó kan wá, gèlè rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Bọ̀dá. Bó bá gbé iná sí gbọnrangandan òkè orí, gèlè á ṣíji bo ojú ọmọ náà. Ó tì í wá síwájú díẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó, títí òjìji kékeré kan fi yọ lábẹ́ imú. Ó ní kí n di ìdérí kúlà funfun mú níwájú àyà ìyàwó, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí abẹ́ àgbọ̀n. Ojú ọmọ náà wá ń dán, kò sì kọ mọ̀nà níwájú orí! Bọ̀dá ní, “Ẹ má mí o.”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìbejì wọlé wá gba owó iná. Ó wo òkè.

“Epo mi rè é!”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fọwọ́ kàn án!”

Ó ti tú u. Ẹni bá mọ girafe tò dáadáa máa ń to kókó tó di ọ̀pá mú kí ẹrù iná fúnra rẹ̀ máa fún un le. Bọ̀dá to tirẹ̀ sódì. Ọ̀pá yí wìì, iná sọ̀kalẹ̀, gèlè la aṣọ funfun já, àpótí sì bo ọmọlọ́mọ dé èjìká. Gèlè ló gba ìyà jẹ, a dúpẹ́. Ìka Bọ̀dá ti tẹ kámẹ́rà: ìyàwó aláìlórí, Ìyá Ìbejì tó gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ọwọ́ tèmi lórí ìdérí kúlà. Mo ti ní kó bá mi fọ̀ ọ́, ó ní kò wà mọ́. Irọ́ ni.

Àwọn àgbà parí rẹ̀ pé kó ya àwọn ìbejì lọ́fẹ̀ẹ́. Táyé ti lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Kpalimé. Bọ̀dá ní kò burú, òun á ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, òun á tò wọ́n síra. Áà! Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Ìbejì tí ọ̀kan ti lọ! Òyìnbó kan, Stephen Sprague, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ìyá Ìbejì ká aṣọ rẹ̀ mọ́dìí: “Ọmọ mi ò kú o! Táyé mi ò kú!” Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn tó jò.

Wọ́n dúró de Táyé. Wọ́n ti yà á, mo rí i, ó dára. Àmọ́ àpò yanrìn àti àgádágodo yẹn ló wà nídìí ọ̀pá báyìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ilé ìwẹ̀, ẹ wúkọ́.